Orin Onídà tí Tísà Mọ́fẹ́yìsára Kọ ní Dò-Re-Mí

Bí ẹ bá ń wá ìjà ní ìlú Ìkẹ́rẹ́, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí gáréèjì. Ẹ lọ sí Odò-Ọjà, kí ẹ sọ fún Tísà Mọ́fẹ́yìsára Adéwùmí pé orin tí a fi dò-re-mí kọ kì í ṣe orin gidi. Kí ẹ tó pa ẹnu dé, ẹ ó ti ra ìjà tí ẹ kò ní lè gbé délé.

Ọdún méjìléláàádọ́rin ni Tísà wà báyìí. Ó fi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní orin ní iléèwé girama, ó sì ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa láti ìgbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kejì. Ọmọ mi àgbà ti di bàbá ọmọ méjì, síbẹ̀ Tísà ṣì ń na ìka sí èmi tí mò ń kọ ohùn kejì obìnrin láàárín ìsìn pé, "Áátò, o ti tún já sílẹ̀." Ọkọ rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa. Ṣẹ́gun, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bí, wà ní Kánádà. Síbẹ̀ ilé kò dá páropáro, nítorí obìnrin yìí kì í dákẹ́. Bí kò bá kọrin, á máa lu tábìlì.

Ẹni tí kò bá mọ ìjọ wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Lẹ́tà ni a fi ń kọ orin sílẹ̀ níbí: d fún dò, r fún re, m fún mí, títí dé òkè. A ó fi àmì tó-tò-tó sáàárín wọn kí olórin lè mọ ibi tí yóò ti yára àti ibi tí yóò ti fà á. Tónìkì ni a ń pè é. Òun ni àwọn bàbá wa àgbà kọ́, òun ni àwa náà kọ́. Òfin Tísà sì ni pé bí orin tuntun bá dé, orúkọ ohùn ni a ó kọ́kọ́ máa pè, dò mí sọ́, dò mí sọ́, títí ọ̀fun yóò fi mọ ọ̀nà bí ẹsẹ̀ ti ń mọ ọ̀nà oko. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ orin náà àfi tí Tísà bá gbé ọwọ́ sókè tí ó ní, "Ọ̀rọ̀!" Mo ti rí ẹni tí ó fi ọ̀rọ̀ sí i kí ó tó pàṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò tún wù ú sọ fún oṣù kan.

Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn ìkórè, Babáfẹ́mi wá a wálé. Ọmọ iléèwé rẹ̀ ni nígbà kan, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó ti di olùdarí eré fíìmù ní Èkó. Ó ń ṣe fíìmù àwọn onídà mẹ́ta tí wọ́n lọ gba adé bàbá wọn padà lọ́wọ́ ọ̀dàlẹ̀ kan. Lórí àwọn àpáta wa níbí ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fo láti orí àpáta kan dé òmíràn, wọ́n á dì mọ́ okùn fò kọjá ọ̀gbun, wọ́n á bá ogún ènìyàn jà lórí àtẹ̀gùn ààfin, wọ́n á sì tún rí àyè fi ọ̀tá ṣẹ̀fẹ̀ láàárín kan.

"Tísà," ni ó wí, "mi ò fẹ́ orin kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo ènìyàn ń lò. Mo fẹ́ orin ńlá. Fèrè idẹ níwájú, fayólíìnì lẹ́yìn, ìlù ńlá nísàlẹ̀. Kí ẹni tó jókòó wo fíìmù yẹn máa rò pé òun náà ní idà lọ́wọ́."

"Ènìyàn mélòó ni yóò ṣe é?"

"Ogójì, mà. Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Èkó. Àwọn fúnra wọn ní gbọ̀ngàn."

Tísà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún lára ìró. "Jókòó, kí o jẹ uṣu," ni ó wí. Báyìí ni ó ṣe ń gba iṣẹ́.

Oṣù márùn-ún ni ó fi kọ ọ́. Babáfẹ́mi fi àwọn ìjà náà sínú fóònù fún un. Tísà á gbé fóònù náà ti abọ́ ọbẹ̀ lórí tábìlì, á mú ṣíbí, á máa lu ẹ̀yìn tírè. Bí idà bá pàdé idà nínú fóònù, ṣíbí á ró lórí tírè, Tísà á kà á, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyàwó tó háyà ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bi mí ní ọjọ́ kan bóyá Màmá ti ń ta gúgúrú.

Ọ̀gá nínú àwọn onídà náà ní ohun kan tí ó máa ń kígbe bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá: "Ẹ ò lè mú mi!" Tísà mú igbe yẹn, ó fi ohùn rẹ̀ ṣe orin: re dò dò mí re. Ó gbé e fún fèrè. Ó fún ọ̀dàlẹ̀ ní tíróḿbóònù, fèrè idẹ olóhùn ìsàlẹ̀, ó mú un wúwo, mí mí mí dò, "Dúró níbẹ̀!" Bí èkínní bá ti ń sá lọ sókè, èkejì á máa lé e bọ̀ láti ìsàlẹ̀, àwọn fayólíìnì á sì máa sáré yí àwọn méjèèjì ká bí ọmọ iléèwé tó ń wòran ìjà. Orin mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́rin ni ó kún, pẹ́ńsù ni ó fi kọ ọ́, ìlà mẹ́tàdínlógún lójú ewé kan, ohun èlò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ní dò-re-mí.

Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Tísà nìkan ni ó ṣe àṣìṣe náà. Babáfẹ́mi wò ó, kò rí nǹkan kan. Èmi náà bá wọn ka ojú ewé, mo ní, "Ó dára púpọ̀." Ní agbègbè wa, ẹni tí kò lè ka tónìkì kò lè kọ orin ìkórè. A rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó á máa kà á bí ìwé ìròyìn.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni Babáfẹ́mi pè. Èmi wà níbẹ̀, mo ń bá Tísà ṣa ẹ̀wà. Ó fi fóònù sórí tábìlì kí ọwọ́ wa lè máa ṣiṣẹ́.

"Tísà, ẹ kú àárọ̀, mà. Wàhálà díẹ̀ wà."

"Díẹ̀ báwo?"

"Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ olórin yìí ní òun kò lè ka ìwé yín. Kò sí ẹni tó lè kà á nínú wọn. Ìlà márùn-ún nìkan ni wọ́n mọ̀."

Èyí tí ó ń sọ ni orin ìlà márùn-ún tí wọ́n da àmì dúdú bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ sí. Ẹnu mi ṣí. Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Kí ni ó sọ gan-an?" ni Tísà béèrè.

"Mà, kò ṣe pàtàkì."

"Babáfẹ́mi."

"Ó ní ṣé lẹ́tà ìfẹ́ ni, mà. Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ó ṣàlàyé ìyókù. Láti tún gbogbo rẹ̀ kọ sí ìlà márùn-ún á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọjọ́ tí wọ́n gba gbọ̀ngàn sí ti lọ. Fíìmù kò gbọ́dọ̀ kọjá Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ kí wọ́n tó dì í, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi nǹkan kún un mọ́. Ọ̀gá Bámigbóyè, ẹni tó fi owó ṣe fíìmù náà, ti ní kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó lè fi kọ̀ǹpútà ṣe orin òmíràn láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

"Gbogbo ogójì yẹn ló lọ sí iléèwé?" ni Tísà wí.

"Gbogbo wọn, mà. Àwọn kan tilẹ̀ lọ sí òkè òkun."

"Kò sì sí ẹyọ kan tó mọ dò."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Fi ìwé mi sínú mọ́tò tó ń bọ̀ lónìí. Orin yẹn máa wọ inú fíìmù rẹ bí mo ṣe kọ ọ́. Bí wọn kò bá lè kà á, àwọn tó lè kà á wà. Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mọ́kànlá, mà."

"Ọlọ́run fi mẹ́fà dá ayé," ni Tísà wí, ó sì pa fóònù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ṣẹ́gun pè láti Kánádà. Babáfẹ́mi ti lọ fi ẹjọ́ sùn ún. "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́," ni ó ń wí, "ara yín kò gba èyí mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní orúkọ yín á ṣì wà níbẹ̀."

"Orúkọ mi lórí iṣẹ́ tí mi ò ṣe? Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?"

"Rárá, mà."

"Ṣé òtútù kò mú yín jù níbẹ̀?"

"Ó mú wa, mà."

"Wọ aṣọ." Ó tún pa fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, bí ìwé ti dé, ó ní kí n bá òun lọ sí Ẹmùrẹ́. A wọ takisí. Àwọn ìjọ wa ní Ẹmùrẹ́, Ìṣẹ̀ àti Ìgbàrà-Odò ní ẹgbẹ́ afunfèrè, àwọn tí wọ́n máa ń fun fèrè idẹ níwájú wa bí a bá ń yan káàkiri ìlú ní Àjíǹde. Tónìkì ni gbogbo wọn fi kọ́ ọ. Olórí wọn ní Ẹmùrẹ́ ni Lawrence, tí ń tún ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ṣe. Orí ìkúnlẹ̀ ni a bá a, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo dúdú, àwọn oníbàárà méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Yèyé mi, ẹ kú ọ̀nà o," ni ó wí. "Kí ló gbé yín rin ọ̀nà jíjìn báyìí?"

Tísà sọ ọ́ fún un. Lawrence gbọ́ ọ tán, ó fa imú.

"Eré udà? Yèyé, ẹgbẹ́ fèrè Ọlọ́run ni wá. Wọ́n á ní a ti lọ ń fun fèrè fún àwọn tí ń para wọn."

"Lawrence, ní ìsìnkú bàbá olóṣèlú tí ẹ lọ ní Òkúdù, orin wo lẹ fun?"

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Tísà, mo wà níbẹ̀. Kì í ṣe orin mímọ́."

"Ẹ jọ̀wọ́," ni Lawrence wí, "ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀."

"A ti fi í sílẹ̀. Àwọn tó yí odi ìlú kan po fún ọjọ́ méje nínú Bíbélì, kí ló wà lọ́wọ́ wọn?"

"Fèrè ni, mà."

"Nígbà tí odi wó, kí ni wọ́n yọ? Ṣé tíì ni wọ́n jókòó mu?"

"Idà ni, mà," ni Lawrence wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà, ó na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó ka ìwé náà láìsọ̀rọ̀. Spánà wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, mo sì rí i tí àwọn ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ spánà náà bí ẹni tó ń tẹ fèrè. Lẹ́yìn náà ó súfèé: re dò dò mí re. Ó tún súfèé náà. Ó gbé ojú sókè.

"Ẹ ò lè mú mi," ni ó wí. "Ohun tí fèrè yìí ń sọ nìyẹn?"

Kò sí ẹni tó sọ fún un. Ó kàn gbọ́ ọ ni. Tísà wò mí, ó sì jókòó dáadáa lórí àga fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ àná.

"Mélòó lẹ ní?" ni ó béèrè.

"Mẹ́sàn-án, mà. A ó wá."

Ìṣẹ̀ fún wa ní fèrè márùn-ún àti ìlù ńlá. Ìgbàrà-Odò ní àwọn ń sá kòkó, àwọn kò lè fi oòrùn rere ṣòfò nítorí fíìmù. Nígbà tó yá wọ́n ní àwọn á fi mẹ́ta ránṣẹ́, kí Tísà ṣáà kúrò ní ẹnu ọ̀nà àwọn. Fèrè ti dé. Fayólíìnì ló kù. Kẹ́mi, ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ orin ní yunifásítì ẹ̀kọ́ tó wà ní ìlú wa, wá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Fayólíìnì mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kò ní okùn méjì.

"Mélòó ni ó yẹ kí ó jẹ́, mà?" ni Kẹ́mi béèrè.

"Ogún."

"Mẹ́ta ni wá, mà. Méjì àti ààbọ̀."

Tísà yí sí àwa ẹgbẹ́ akọrin, obìnrin mẹ́rìnlélógún, olóhùn òkè àti olóhùn kejì, lórí bẹ́ǹṣì wa. "Tírẹ́bù àti áátò," ni ó wí, "ẹ̀yin ni fayólíìnì."

Ìyá kan nínú tírẹ́bù ní, "Tísà, àwa?"

"Ṣé ẹ kò ní ọ̀fun ni?"

Ìgbà mẹ́rin ni a pàdé fún ìmúrasílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ níwájú Ọlọ́run: mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá. Ẹni tó ti ń kọ orin ìdákẹ́jẹ́ fún ogójì ọdún, ẹ wá ní kó máa sáré lu ohùn bí ẹni tí oyin ń lé. Eékún ń ro mí, bẹ́ẹ̀ ìjókòó ni mo jókòó. "Ẹ kì í ṣe ìyá ìyàwó nínú orin yìí," ni Tísà ń pariwo. "Ẹ̀yin ni atẹ́gùn lẹ́yìn onídà! Ẹ fẹ́!" Àwa náà ń fẹ́. Nígbà tí a ó fi dé ìgbà kẹrin, àwọn tó ń kọjá ní títì ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Babáfẹ́mi wá gbohùn wa sílẹ̀, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n di fíìmù. Ó mú Ọlámidé wá, ọ̀dọ́mọkùnrin agbohùnsílẹ̀ kan láti Èkó, tí ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn ìjọ, tí ó pa fáànù, tí ó sì lé ẹdìẹ mẹ́rin jáde. Ooru mú wa bí àkàrà inú epo. Wọ́n tan fíìmù náà sí ara ògiri funfun kí Tísà lè máa wò ó bí ó ti ń darí wa. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí ìgbéyàwó wà.

Orin kìíní, fèrè nìkan ni, ó lọ dáadáa. Nínú èkejì, àwọn onídà sáré gun àtẹ̀gùn ààfin, àwa obìnrin wọlé pẹ̀lú gbogbo agbára wa: "Sọ́ lá sọ́ fá mí, fá sọ́ fá mí re..."

Ọlámidé gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wa dákẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni ó wí, "kí ni àwọn Màmá ń sọ?"

Babáfẹ́mi sún mọ́ Tísà. "Tísà, orúkọ ohùn ni wọ́n ń pè."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Fayólíìnì kì í pe orúkọ ara rẹ̀, mà. Ó yẹ kí wọ́n máa ṣe 'aa' ni."

Tísà wò wá. Àwa náà wò ó. Òfin ni pé kí a pe orúkọ ohùn títí yóò fi ní "Ọ̀rọ̀!" Orin yìí kò ní ọ̀rọ̀. Nítorí náà kò pàṣẹ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni a ti ń pe dò-re-mí ní ìpàdé mẹ́rin, kò sì sí ẹnì kan nínú wa, títí kan Tísà alára, tí ọkàn rẹ̀ sọ pé ó yẹ kí a dẹ́kun.

"Ó dáa," ni Tísà wí. "Ẹ ṣe 'aa'."

A ṣe 'aa'. Ẹ̀yin èèyàn mi, a ṣubú. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n yọ àtẹ̀gùn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ti dé àárín. Orúkọ ohùn ni a fi mọ ibi tí a wà. Bí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa, tírẹ́bù gba ọ̀nà Adó, áátò gba ọ̀nà Àkúrẹ́. A tún un ṣe. A tún ṣubú. Ní ìgbà kẹta, ìyá inú tírẹ́bù yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọkún, Lawrence sì ń wo bàtà rẹ̀. Agogo kan ọ̀sán ti kọjá. Orin mẹ́wàá ló ṣì kù.

Babáfẹ́mi fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. "Tísà, bóyá kí a gba ohùn fèrè nìkan. Kí kọ̀ǹpútà ṣe ti fayólíìnì. Ó kéré tán, ìdajì á jẹ́ tiyín."

Tísà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ojú. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Àdúrà ni, kò sì gùn. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ṣe "Àmín". Ó dìde.

"Ẹ pè é," ni ó wí.

"Kí ni kí wọ́n pè, mà?"

"Dò, re, mí. Bí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ pè é sókè kí ó ṣe kedere."

"Tísà, wọ́n á fi wá rẹ́rìn-ín ní Èkó."

"Wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Nínú ìwé ni wọ́n ti rí i tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ó kù kí wọ́n fi etí gbọ́ ọ." Ó yí sí wa, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Kò sí ẹni tó máa tijú níbí. Ohun tí mo kọ ni ẹ ń kọ. Babáfẹ́mi, tan ìjà rẹ."

Lára ògiri, onídà náà fò sórí àtẹ̀gùn. Fèrè Ẹmùrẹ́ yọ: ẹ ò lè mú mi! Tíróḿbóònù Ìṣẹ̀ dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀ pé dúró níbẹ̀, ìlù ńlá mi ilẹ̀, Kẹ́mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fà á bí ẹni tí ń fi ayùn gé igi, àwa ìyá mẹ́rìnlélógún sì da dò-re-mí sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tú àpò àgbàdo sórí páànù. Sọ́ lá sọ́ fá mí! Idà ń kọ lu idà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣubú ní méjì méjì. N kò mọ̀ pé eékún ń ro mí mọ́. Bí onídà náà ti di okùn mú tó fi gba òkè ọ̀gbun kọjá, a gòkè pẹ̀lú rẹ̀, tí dò òkè, tí dò òkè, kò sì sí ẹni tó já sílẹ̀, èmi pàápàá.

Nígbà tó parí, Ọlámidé kò pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gbàgbé. Babáfẹ́mi ni ó na ọwọ́ pa á.

"Orin kẹta," ni Tísà wí.

A parí mọ́kọ̀ọ̀kànlá nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́rin lù, àwọn ará ìyàwó ti ń ti kúlà wọlé láàárín ẹsẹ̀ wa. Níta, lábẹ́ igi máńgòrò, Babáfẹ́mi fi orin kejì ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Bámigbóyè. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Ó fi í síta kí gbogbo wa gbọ́.

"Babáfẹ́mi, kí lèyí? Fèrè yẹn gbé mi dìde lórí àga. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wo ló ń ka dò-re-mí bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?"

Tísà gba fóònù. "Ẹ káàsán, sà. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Háà, Màmá, ẹ káàsán, mà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi kọ̀ǹpútà rọ́pò ti àwọn obìnrin yẹn, kí ó lè bá ayé mu."

"Rárá."

"Mà, èmi ni mo ni fíìmù."

"Òótọ́ ni. Èmi ni mo ni orin. Ẹ lò ó tán, tàbí kí ẹ dá a padà, a ó máa kọ ọ́ ní ìkórè." Ó tún ní, "Ibo lẹ ti ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sà?"

"Ìjàn-Èkìtì ni, mà."

"Kí ni wọ́n fi kọ́ yín lórin?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí ó jáde láti imú. "Dò-re-mí ni, mà. Pẹ̀lú ẹgba."

"Ǹjẹ́ ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Ta ni kò wá ní mọ̀ ọ́n?"

"Màá rò ó wò," ni ó wí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà wa bi Tísà bóyá kí wọ́n sún ọpẹ́ tí ó fẹ́ ṣe nítorí orin náà síwájú títí èsì yóò fi dé. Ó ní ọpẹ́ òun kò dúró de Bámigbóyè. Ó jó lọ síwájú pẹpẹ, àwọn eékún rẹ̀ ń dún.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, èsì Babáfẹ́mi wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó ní kí n kà á, nítorí awò ojú rẹ̀ wà ní yàrá. Mo kà á: orin mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti wọ inú fíìmù, wọn kò yọ nǹkan kan, Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé ohùn àwọn Màmá sókè sí i níbi àtẹ̀gùn ààfin. Mo pariwo ògo. Mo dì mọ́ ọn. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

"Ó dáa," ni ó wí. "Sọ fún wọn, Ọjọ́rú, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo wọn péjọ."

"Tísà, kí la tún fẹ́ kọ? Ó ti parí. Ó ti wọ fíìmù."

"Áátò já sílẹ̀ ní ibi méjì nínú orin keje."

"Àwọn Èkó kò gbọ́ ọ, mà."

"Mo gbọ́ ọ," ni Tísà wí.